Òdòdó Oníkọ́là Méjì Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́! Mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dé ọwọ́ yín, torí náà mo kí yín sílẹ̀ de gbogbo ẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín ti jáwọ́ nínú ariwo tó ń pa? Ṣé ẹ ń jẹun, àbí ẹ kàn ń mu omi, kẹ́ ẹ máa sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́?

Màmá, inú mi dùn! Mo fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún yín, àmọ́ ńṣe ni ọ̀rọ̀ ń ti ara wọn ṣubú lẹ́nu mi. A ti dé. Mo ti di ìyàwó ilé! Yàrá wa wà lókè pátápátá, àtẹ̀gùn ẹ̀ sì pọ̀ débi pé tí mo bá gùn ún tán, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń kọ́kọ́ jókòó lé kí n tó lè bọ́ bàtà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ló sì kọjú sí, àmọ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọlu ògiri yẹn, gbogbo yàrá á mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Àga méjì la ní. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ti ṣẹ́, orí ìyẹn ni ọkọ mi máa ń jókòó, ó ní ìyàwó òun ò gbọ́dọ̀ ṣubú. Ẹ tún gbọ́ eléyìí: ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń tún ṣe káàkiri ìlú, àwa sì rèé, inú abọ́ la ti ń fọ tiwa! Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú ẹ̀.

Mo mọ̀ pé Onísòkòtò lẹ ṣì ń pè é. Ó ti jẹ́wọ́ fún mi, Màmá. Ó ní lóòótọ́ ni, òun fúnra òun lòun ń fa sòkòtò yẹn ya kóun lè rí nǹkan gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa. Ó ní lọ́jọ́ kan ẹ wo sòkòtò náà, ẹ wo òun, ẹ ní, "Kò sóhun tó ṣe sòkòtò yìí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni ara ẹ̀ ò yá." Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látìgbà náà!

Èyí tó máa yà yín lẹ́nu jù ló kù: mo ti ríṣẹ́. Ilé ńlá kan wà níbí tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí, láti ibi gbogbo láyé. Wọ́n á tẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan sórí páálí funfun, wọ́n á kọ ohun tó jẹ́ àti ibi tó ti hù sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n á wá tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù bí aṣọ tí wọ́n ti lọ̀. Èyí tó fúyẹ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Èyí tí igi ẹ̀ nípọn, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń rán an mọ́ páálí. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tó fi gíláàsì kan kọ́ ọrùn, èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ìyá Onígíláàsì ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ó fún mi ní ẹ̀ka gbígbẹ kan pé kí n rán an. Mo rán an. Ó wo ẹ̀yìn páálí náà, ó wo iwájú ẹ̀, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní, "Ìyá mi ni." Ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọkọ mi ń kí yín, ó dọ̀bálẹ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ṣẹ́.

Èmi Abẹ́rẹ́ yín, ìyàwó tuntun


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì

Abẹ́rẹ́ mi,

Lẹ́tà ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dá a kà, mo tún kà á sókè fún àwọn oníbàárà mi, àyàfi ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n kí ẹ kú oríire. Mo kọ́ ọmọ níṣẹ́ aṣọ, ó wá lọ ń ránṣọ fún ewé. Ṣé ẹ máa ń wọn ìbàdí wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni?

Sọ fún Onísòkòtò pé ọkùnrin tó lè tún ẹ̀rọ ṣe lè kan ẹsẹ̀ àga. Kó má fi ìfẹ́ bo ìmẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀.

Ara mi le. Ohun kan ló ń dà mí láàmú. O mọ̀ pé kòkòrò ti wọ oko òwú tó yí ìlú ká lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró níwájú igi òdòdó wa.

Ó ní, "Màmá, òwú igbó lẹ gbìn sẹ́nu ọ̀nà yìí o."

Mo ní, "Òwú wo? Igi yìí ti wà níbí kí wọ́n tó bí ọmọ mi, kò fún mi ní ohun tí mo lè fi rán bọ́tìnnì kan rí."

Ó ní, "Ẹ wo òdòdó ẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè, tí inú ẹ̀ pọ́n dúdú. Bí òdòdó òwú ṣe rí nìyẹn. Inú igi báyìí ni kòkòrò yẹn ń sá sí nígbà tí òwú ò bá sí lóko."

Ó so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, àwọn máa wá hú gbogbo èyí táwọn ti so àkísà mọ́. Ó ní àfi tí mo bá rí ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ewéko dájú, pé igi mi kì í ṣe òwú igbó. Mo ronú kan ìwọ àti ọ̀gá ẹ onígíláàsì. Bá mi bi í.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta

Màmá mi tòótọ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú àtijọ́! Ọkọ mi ti kan ẹsẹ̀ àga! Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé gan-an ló kàn án, tó tún kàn án jù, ó ti wá ga ju èkejì lọ. Tá a bá jókòó jẹun báyìí, mo máa ń gbójú sókè wò ó bí ẹni tó ń wo ọba.

Mo ti rán kọ́tìnnì! Aláwọ̀ búlúù ni, mo fi léèsì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ọkọ mi sì ní fèrèsé tó kọjú sí ògiri ò tíì níyì tó báyìí rí. Lọ́jọ́ Sátidé a rìn títí dé etí odò, a jẹ ẹ̀pà, a ò sọ̀rọ̀ gidi kankan, àfi ẹ̀rín. Ó ti mọ orin tí mo máa ń kọ tí mo bá ń fọ abọ́, ó ń kọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ sì ti ń fi ṣẹ̀sín. Màmá, ṣé báyìí ni ìgbéyàwó ṣe ń rí fún gbogbo èèyàn? Kí ló dé tí wọn ò máa pariwo ẹ̀ láàárín títì?

Ní ti igi yẹn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Tí wọ́n bá hú u, a máa gbin òmíràn.

Èmi Abẹ́rẹ́ yín tí inú ẹ̀ ń dùn


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Abẹ́rẹ́,

Mo rí lẹ́tà ẹ. Inú mi dùn sí kọ́tìnnì náà.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀.

O ní a máa gbin òmíràn. Àwa wo? Bàbá ẹ tó gbin èyí ti wà nínú ilẹ̀. Ìwọ wà lókè àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún. Èmi nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà yìí, èmi àti igi yẹn. Òun ni mo máa ń kí tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, torí kò séèyàn míì nínú ilé tí mo lè kí.

Máa gbádùn ilé ọkọ ẹ. Kì í ṣe ìbínú ni mo fi kọ ọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin

Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́,

Mo ti ka lẹ́tà yín títí ìwé fi rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi náà kà á. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Abẹ́ igi yẹn ni mo máa ń dúró sí tí oòrùn bá mú, kí ìyá tó ní kí n wọlé. Lọ bá ọ̀gá ẹ lónìí." Ayọ̀ ló di mí létí, Màmá. Ẹ má fi ọwọ́ bò ó fún mi, ẹ bá mi wí dáadáa.

Mo ti bá Ìyá Onígíláàsì sọ̀rọ̀. Mo rò pé tí mo bá ṣàpèjúwe igi wa fún un, á kàn sọ ohun tó jẹ́. Ó ní, "Irú òdòdó wo?" Mo ní, "Àwọ̀ ìyeyè, inú ẹ̀ dúdú." Ó ní òdòdó bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹbí yẹn. Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ilá àti òwú jọ jẹ́ ẹbí ni? Ó fi òdòdó ilá gbígbẹ àti ti òwú hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì rí i pé ojú wọn jọra bí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò. Tiwa wà nínú ẹbí náà, kò sí àní-àní, àmọ́ ọmọ ta ni? Ibẹ̀ ló kù.

Ó ní kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé, òdòdó àti èso. Kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ. Kẹ́ ẹ sì kọ àwọn ohun tó máa pa rẹ́ tó bá gbẹ: bó ṣe ga tó, bí ara ewé ẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́, ìgbà tí òdòdó ẹ̀ ń là. Ẹ ṣe kíá, kí òjò má ṣe yín mọ́lé.

Èmi ọmọ yín tó ti gbọ́ báyìí


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo ti fọwọ́ bò ó. Ìyàwó tuntun tó bá gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un, kì í ṣe ìyàwó tuntun.

Ẹ̀ka tí ọ̀gá ẹ ní kí n gé wà nínú àpò yìí. Èyí sì ni ohun tí mo rí. Igi náà ga jù mí lọ díẹ̀, tí mo bá nàgà, mo lè fọwọ́ kan orí ẹ̀. Kò ní ìtì kan gbòógì, láti ìsàlẹ̀ ló ti ya ẹ̀ka. Tí mo bá bó èèpo ẹ̀ka ẹ̀, ńṣe ló máa ń fà gbọọrọ bí okùn, kì í já bọ̀rọ̀. Ewé ẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ìdí ẹ̀ rí bí ọkàn tí wọ́n máa ń yà sára káàdì, etí ẹ̀ sì rí bí aṣọ tí mo fi sísọ́ọ̀sì eléyín gé. Tí o bá fọwọ́ pa á, níwájú àti lẹ́yìn, àrán gidi ni. Àárọ̀ ni òdòdó ẹ̀ ń là. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ká ara ẹ̀ jọ, ó parí nìyẹn, òmíràn á là lọ́la. Ewé òdòdó náà jẹ́ márùn-ún, ọ̀kan gorí ìkejì bíi pílíìtì, gbogbo wọn á sì yí sápá kan. Láàárín wọn, nǹkan kan dúró bí àbẹ́là, ó dà bíi pé wọ́n bu àtíkè sí i lára.

Mi ò lè fi nǹkan jákujàku ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọmọ mi. Ìwé ìròyìn tó o sọ yẹn ń pẹ́ jù, ó sì ń sọ ewé di hunjọ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kaná, mo fi lọ̀ ọ́, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ewé wínníwínní kan tún yọ síta lábẹ́ ewé tútù tó yí òdòdó náà lọ́rùn bíi kọ́là. Aṣọ wo ló ń ní kọ́là méjì? Mo fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ wọn kúrò bí mo ṣe ń rẹ́ òwú tó bá yọ lára ẹ̀wù oníbàárà. Ó mọ́ tónítóní. Wọ́n á mọ̀ pé ilé tó dáa lo ti wá.

Òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú igi ní apá òkè ìlú.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka eléyìí.

Ìyá Onígíláàsì ṣí àpò náà, ó gbé gíláàsì sójú. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá ní, "Ta ló lọ ewé yìí ní áyọ́ọ̀nù?" Mo ní, "Aránṣọ ni ìyá mi, mà." Màmá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú! Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ní gbogbo ọdún tóun ti lò nínú ilé yẹn, òun ò rí ewé tó ní gẹ́ẹ̀tì, ìlà áyọ́ọ̀nù, bí ẹ̀wù rí.

Àmọ́ nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gbé e sílẹ̀, ó ní òun ò lè fọwọ́ sí ìwé kankan lórí ẹ̀.

Kọ́là kejì tẹ́ ẹ rẹ́ dànù yẹn, Màmá, òun gan-an ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n! Ẹbí yẹn nìkan kọ́ ló ní in, àmọ́ òun ló ń ya ọmọ ìyá kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ìyá kejì. Òwú, mẹ́ta péré ló ní, wọ́n fẹ̀, etí wọn sì ya jákujàku. Àwọn míì ní púpọ̀, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní rárá. Ohun kejì ni pé òwú máa ń ní àmì dúdú tóótòòtó lára ewé àti lára èso. Áyọ́ọ̀nù ti sun ewé tiwa, gbogbo ẹ̀ ló ti di àwọ̀ igi, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ àmì àti èyí tó jẹ́ iná.

Ẹ má bínú. Ẹ gé òmíràn. Ẹ má rẹ́ nǹkan kan, ẹ má lọ nǹkan kan, bó ti wù kó rí jákujàku. Kí èso tó ti gbó wà lára ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣe é bí ẹni pé sòkòtò òun ni, kẹ́ ẹ kàn fi í sílẹ̀ bó ṣe ya.

Èmi Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje

Màmá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà, ọkọ mi náà sì ń lọ wò ó lẹ́yìn mi, bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n wò.

Ṣé ẹ bínú pé a rẹ́rìn-ín ni? Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, Màmá. Ṣé wọ́n ti hú u? Tí wọ́n bá ti hú u, ẹ kọ̀wé náà. Ẹ kọ ìlà kan péré. Inú mi ṣì ń dùn nínú yàrá yìí, mi ò lè purọ́ fún yín, àmọ́ ayọ̀ náà ti ń fẹsẹ̀ kan dúró. Mo máa ń dìde lórí oúnjẹ láì mọ ohun tí mo dìde fún.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Abẹ́rẹ́ mi, ọmọ tí mo bí,

Dákẹ́. Jókòó. Parí oúnjẹ ẹ. Igi wà ní ìdúró, èmi náà wà ní ìjókòó.

Mi ò bínú. Mo rẹ́rìn-ín gan-an ni, àwọn oníbàárà mi sì ti sọ mí ní Aláṣọ-Ewé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo ti gé ẹ̀ka tuntun, ó ti gbẹ bí ọ̀gá ẹ ṣe fẹ́, jákujàku bó ṣe wà, àmọ́ mi ò lè fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn ahúgi ti dé àdúgbò wa. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá yí orí síbì kan, kí n tó dé, wọ́n á ti hú u. Mo gbé àga mi síta, mo fẹ̀yìn ti igi náà, ibẹ̀ ni mo ti ń fọwọ́ ránṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ̀gá náà wá. Ó ní, "Màmá, ilẹ̀ ti rọ̀ o."

Mo ní, "Mo rí i."

"Ẹ dìde, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ wọn."

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́ tèmi lọ́wọ́, ọ̀gá. Ẹ̀wù ìgbéyàwó ni."

Àwọn tó gbé ọkọ́ dání rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó síwájú mi, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Màmá, oko òwú bàbá mi wà lára àwọn tó bàjẹ́. Kò rí nǹkan kan kó nílé. Kì í ṣe pé mo kórìíra òdòdó yín." Mo wo ojú ẹ̀, mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ń bá mi wá ìwé tó bèèrè. Ó ní àwọn máa lọ parí apá ìsàlẹ̀ ìlú ná. Ó ní tí àwọn bá padà dé, òun ò ní lè dúró mọ́.

Òní ni ẹni tó ń pín lẹ́tà mú tìẹ wá. Mo ń ráhùn fún un pé mi ò lè kúrò níbí láti fi tèmi ránṣẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, èmi ni mo ń gbé lẹ́tà. Ẹ̀ bá ti fún mi láti ọjọ́ yìí." Ojú tì mí! Ó dúró dè mí kí n kọ eléyìí tán.

Gbọ́ ọ̀rọ̀ kan o. Tó bá jẹ́ òwú igbó ni, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jókòó sábẹ́ ohun tó ń ba oko ọkùnrin yẹn jẹ́, màá fi ọwọ́ ara mi hú u. Má ṣe torí pé o nífẹ̀ẹ́ mi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òótọ́ ni mo fẹ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ

Màmá mi,

Kì í ṣe òwú! Màmá, kì í ṣe òwú!

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín. Ìyá Onígíláàsì rẹ òdòdó kan sínú omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, ó wá fi abẹ́rẹ́ tú u. Ó ní kí èmi fúnra mi wá wò ó, kí n kà á. Mo ti sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún un, pé òótọ́ lẹ fẹ́. Mo fojú sí gíláàsì náà. Kọ́là tòde wà níbẹ̀. Mo ka ọ̀kan, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta, mo rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni mo rí èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn, mo tún rí ìkarùn-ún. Márùn-ún ni! Wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn nídìí, wọ́n fẹ̀ lókè bíi ṣíbí, orí wọn sì ṣe ṣóńṣó. Kò sí èyí tí etí ẹ̀ ya.

A wo ewé, iwájú àti ẹ̀yìn: kò sí àmì dúdú kankan, irun wínníwínní nìkan, òun ló ń mú un rí bí àrán lọ́wọ́ yín. Àbẹ́là àárín òdòdó náà, orí ẹ̀ pín sí márùn-ún, ti òwú kì í pín báyẹn. Ó la èso tó gbó: yàrá márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, hóró inú wọn kéré, irun kúkúrú bí irùngbọ̀n ọ̀dọ́ ló wà lára wọn. Ẹ ò lè ran okùn kankan jáde nínú ẹ̀. Hìbísíkọ́ọ̀sì ni, ara àwọn tó máa ń hù níbi tó móoru, tí òdòdó ẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ó ní orúkọ kejì tó gùn, ọ̀gá mi ti kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú àpò yìí, ó sì ti fọwọ́ sí i.

Ó ní kí n sọ ohun kan tó ṣẹ́kù, mo sì ń sọ ọ́ torí ẹ ti bẹ̀ mí. Ẹbí òwú náà ni, kòkòrò lè ṣèèṣì yà síbẹ̀ bí àlejò. Kẹ́ ẹ máa wo èso ẹ̀ láràárọ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rí ihò lára ẹ̀, ẹ já a, kẹ́ ẹ sun ún. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yẹn náà, kẹ́ ẹ má fi pamọ́ fún un.

Ọkọ mi ti wọ bàtà, ó fẹ́ gbé lẹ́tà yìí sáré lọ kí gọ́ọ̀mù ẹ̀ tó gbẹ.

Èmi Abẹ́rẹ́ yín, Abẹ́rẹ́ yín, Abẹ́rẹ́ yín!


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ mi àtàtà,

Ìwé náà ṣáájú àwọn ahúgi dé. Nígbà tí wọ́n dé, mo dìde fúnra mi kúrò lórí àga, mo nà án sí ọ̀gá náà. Ó kà á sínú, ó tún padà kà á. Ó já òdòdó kan, ó yí ìdí ẹ̀ sókè, ó ń ka kọ́là. Mo bá a kà á. "Márùn-ún," ló wí. Mo ní, "Márùn-ún ni." Mo wá sọ ti èso tó lè ní ihò fún un. Òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ la èso títí ilẹ̀ fi kún. Wọn ò rí kòkòrò kankan. Ó tú àkísà náà fúnra ẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi dé ilé méjì kan."

Mo tẹ̀ lé e. Àwọn tí wọ́n so àkísà mọ́ igi wọn bí tèmi wà ní ẹ̀yìn títì. A bẹ̀rẹ̀ sí í yí òdòdó sókè. Ti àkọ́kọ́, márùn-ún. Wọ́n tú àkísà ẹ̀, obìnrin ilé náà sì fi omi tútù fún gbogbo wa. Ti ìkejì, mẹ́ta, etí wọn ya, àmì dúdú sì kún ara ewé bí ata lílọ̀. Obìnrin tó ni ín wò mí, kò wo ọ̀gá. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú títí wọ́n fi hú u tán. Mo sọ fún un pé màá gé ẹ̀ka kan lára tèmi rì sínú ilẹ̀ fún un, torí ọ̀gá náà ní ẹ̀ka ẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò.

Ilé dákẹ́ nígbà tí mo dé. Mo kí igi náà, mo bá a rojọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní, jẹ́ kí n kọ ọ́ sí ẹni tó lè dáhùn.

Má dá ayọ̀ ẹ dúró torí tèmi mọ́. Máa kọ ọ́ wá, pẹ̀lú kọ́tìnnì àti ẹ̀pà. Mo fẹ́ràn kí n máa kà á.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Màmá mi,

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, ọkọ mi ò mọ èyí tó yẹ kó bá mi ṣe, ó bá mi ṣe méjèèjì.

Ìyá Onígíláàsì ní ẹ̀ka yín dáa jù fún pípadà sínú àpò. Ó ní ilé yìí máa tọ́jú ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ iwájú lè wá wò ó. Èmi ni mo rán an. Òwú funfun ni mo lò, mo fi kókó ẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn páálí bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi, mo sì yí òdòdó kan sókè kí kọ́là méjèèjì lè hàn.

Ó ku ohun tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá mi kọ orúkọ gígùn yẹn, ó wá ti bírò sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ìwọ lo mọ èyí tó kù." Níbi tí wọ́n ti ń kọ ibi tó ń hù, mo kọ ọ́ pé: ẹnu ọ̀nà ilé, apá ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé, igi náà wà láàyè, wọ́n ń kí i láràárọ̀. Ọ̀gá mi wo ìyẹn, kò pa á rẹ́. Níbi ẹni tó ká a, mo kọ ọ́ pé: aránṣọ kan, ìyá ẹni tó rán an.

Èmi ọmọ yín